Elégbè Ìyá Aránṣọ

Oṣù mẹ́ta ni ìyá aránṣọ fi kọ́ kọ́ọ̀dù mẹ́rin lórí gìtá.

"Mẹ́rin yìí náà ló ń gbé gbogbo orin àríyá," olùkọ́ rẹ̀ wí. "Àmọ́ ẹ má sáré, Mọ́mì. Ẹ fún àwọn elégbè láyè."

Òní ni ìyá náà pé ọgọ́ta ọdún.

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni, láti ìdálẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó sílé?"

"Èmi kẹ̀? Ilé kún! Gbọ́ ná."

Ó gbé fóònù sórí màṣíìnì ìránṣọ, ó tún aṣọ orí tábìlì ṣe, ó mú gìtá.

Ó lé orin. Ó fún wọn láyè.

Wọ́n gbè é! Ohùn bàbá kan tó ki, ohùn ọmọdé tó tín-ín-rín, ìyá kan tó máa ń pẹ́ wọnú orin. Ẹnì kan tiẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, èrò yìí mà pọ̀ o! Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti fẹ́ máa bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ má bàa dá wà. Ó lè di ọdún tó ń bọ̀ báyìí."

"Kò burú, ọkọ mi."

Ọmọ pa fóònù. Orin ò dá.

Ó ká aṣọ orí tábìlì kúrò lórí ẹ̀rọ tó fi gbohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá, ọmọdé, ìyá, gbogbo wọn panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohùn òun nìkan ni gbogbo wọn.

Kọ́ọ̀dù ò le. Ẹ̀rín yẹn ló pẹ́ jù kó tó mọ̀ ọ́n rín.