Oníbúrẹ́dì Tó Fi Ẹnu Dín Ọ̀rá Ẹṣin Kù

Oníbúrẹ́dì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, tí kì í mú ohun ẹlòmíràn, tí kì í sì í bá ará àdúgbò jà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kó tó ṣe nǹkan ni yóò ti ní òun ti ṣe é. Bí ìyàwó rẹ̀ bá béèrè bóyá ó ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á dáhùn láti orí àga tó jókòó sí pé òun ti tì í. Nígbà mìíràn á dìde lọ tì í lẹ́yìn náà. Nígbà mìíràn kò ní dìde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ aránṣọ. Ìbàdí ń dùn ún, kò lè rìn jìnnà. Ẹṣin kan tó ń jẹ́ Alága ló ń fa kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Ikùn ẹṣin yìí ló sọ ọ́ lórúkọ: bó bá ń bọ̀ lókèèrè, bí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣí ìpàdé ni. Láìsí Alága, aránṣọ kò lè dé ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí ní ìlú mìíràn, tí yóò sì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, ó fi ẹṣin náà sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, nítorí àgbàlá ilé búrẹ́dì fẹ̀. Kó tó lọ, dókítà ẹran wá wo Alága. Ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù lára rẹ̀, bí wọn kò bá sì dín in kù, àìsàn pátákò yóò dá a dùbúlẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: kílò méje koríko gbígbẹ lóòjọ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì rẹ ẹ́ sómi kí ṣúgà inú rẹ̀ lè dínkù. Kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì rárá. Kí wọ́n mú un rìn fún wákàtí kan láàárọ̀ àti ààbọ̀ wákàtí nírọ̀lẹ́. Ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n fi téèpù yí i láyà ká. Ó jẹ́ ínǹṣì méjìléláàádọ́rin lọ́jọ́ náà. Dókítà ní òun yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Oníbúrẹ́dì ní kí ọkàn ẹ̀gbọ́n òun balẹ̀.

Ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí fúláwà fi ṣíbí kan lé sí i lórí òṣùwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ló fi ń wọn koríko Alága, ojú rẹ̀ sì lawọ́. Rírẹ sómi, ó ṣe é lọ́jọ́ méjì. Ní ti rírìn, ó máa ń mú ẹṣin náà jáde láàárọ̀ lóòótọ́, dé ìkòríta tí oníbàtà kan ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba, Alága á máa jẹ koríko etí ọ̀nà. Bí wákàtí kan bá pé, wọ́n á padà sílé. Lójú tirẹ̀, wákàtí kan kúkú ni dókítà wí.

Búrẹ́dì tó bá jóná létí, ẹnu Alága ló ń lọ. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti máa wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Wọ́n á ní oníbúrẹ́dì mà mọ ẹṣin tọ́jú o, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Orí oníbúrẹ́dì á wú.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti ọsibítù, ó béèrè iye tí téèpù wí. Téèpù wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò jìnnà sí ibi tí oníbúrẹ́dì dúró sí. Ó ní mọ́kànléláàádọ́rin àti ààbọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó yọ ààbọ̀ kúrò. Lọ́sẹ̀ kẹta kò yọ nǹkan kan, kó má baà dà bí irọ́. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Alága ti di àádọ́rin géérégé lẹ́nu rẹ̀. Inú aránṣọ dùn débi pé ó pe dókítà ẹran pé kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà wá mọ́, àbúrò òun ń ṣe dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìyàwó oníbúrẹ́dì rí i pé Alága na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síta, ó fi gbogbo ara lé ti ẹ̀yìn, kò fẹ́ tẹ ilẹ̀. Ó fọwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó gbóná. Ó wọlé lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó pe dókítà.

"Mo ti pè é," ni oníbúrẹ́dì wí.

Fúláwà ló ń pò lọ́wọ́. Ó rò pé bí òun bá ti fọwọ́ tán, òun á pè. Búrẹ́dì wọ ààrò, oníbàárà dé, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró de dókítà fún ọjọ́ méjì gbáko kó tó gbé fóònù fúnra rẹ̀.

Dókítà dé, ó bá Alága nílẹ̀ tó ń làágùn. Ó fi téèpù yí i ká, ó rí márùndínlọ́gọ́rin. Ó tún un ṣe, márùndínlọ́gọ́rin náà ni. Ó ní eegun inú pátákò ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ìrora náà kò sì ní lọ mọ́. Ká ní òun wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni, òun ì bá rí nǹkan ṣe. Abẹ́rẹ́ tí ẹṣin náà kò ní jí mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló kù.

Wọ́n ránṣẹ́ sí aránṣọ, ó fi ọ̀pá méjì dé lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sílẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń fọwọ́ pa ọrùn Alága nígbà tí dókítà ń gún un lábẹ́rẹ́ náà, títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ó sunkún, kò sì fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Iye tí ò ń sọ fún mi ní Sátidé, níbo lo ti ń rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ níbi tí ẹ wà ni."

"Ó balẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n ní kí dókítà má wá."



Iṣẹ́ abẹ aránṣọ yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ṣì jìn ju ohun tí ìbàdí rẹ̀ lè rìn lọ. Ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ó ń ránṣọ nínú yàrá fún ìwọ̀nba àwọn tó mọ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó kárí àdúgbò. Títí dòní, bí oníbúrẹ́dì bá ní búrẹ́dì ti òní ni, oníbàárà á kọ́kọ́ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a yodì. Ó ń pè é, ó ń kí i, ó ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ohun kan tó fẹ́ mọ̀ ní ti gidi, á ní, "Gbé fóònù fún ìyàwó rẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́ ara wa. Ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fi sí wa lọ́wọ́ kò lè fẹnu sọ ohun tó ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀, tí a fi ń mú un rìn, tí a sì ń wo téèpù dípò kí á máa wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Ohun tó ń fi ìdùnnú jẹ lè jẹ́ ohun tí yóò pa á. Iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe, ẹ má jẹ́ ká sọ pé a ti ṣe é, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó bá fi irọ́ fi ẹlòmíràn lọ́kàn balẹ̀ ti gba ìṣọ́ra lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí ewu bá sì dé, a kì í lè fi ẹ̀bẹ̀ dá a padà.