Orúkọ Tó Wà Lójú Fóònù

Ẹ̀gbọ́n ló kọ ìtàn inú géèmù náà, láyé ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré oníbọ́tìnì gbá a.

Lónìí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti gbé e wọ orí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ojú fóònù náà. "Ó mà jọ̀lọ̀ o. Orúkọ mi dà?"

"Òun ló wà lókè pátápátá. Ta ló tó gbà á lọ́wọ́ yín?" ni àbúrò fèsì.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó."

Màmá tó jókòó tì wọ́n gba fóònù. Orúkọ àbúrò nìkan ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ìtàn náà.

Ó wo àbúrò, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń gbọ́ bùkátà ilé. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Orúkọ rẹ ni, ọmọ mi. Ó hàn gedegbe."

Ọkàn ẹ̀gbọ́n balẹ̀.

Láti ìgbà tí àìsàn ti fọ́ ọ lójú, ojú Màmá ló fi ń ríran.