Ẹni Tí Ó Ń Ti Ọkọ̀ Wa

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún mi ni. Dókítà kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ ti ohunkóhun, kí ojú ọgbẹ́ má baà ṣí. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ wa kú lójú ọ̀nà oko lálẹ́, èmi ni mo di ìtọ́kọ̀ mú, Àṣàkẹ́ ìyàwó mi sì ń tì í lẹ́yìn.

"Bàbá Ìyíọlá, ẹ jókòó bí ọba, ẹ sọ mí di ẹrú mọ́tò!"

Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ fúyẹ́ lójijì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tó wà níwájú wa. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wúwo kan lẹ́yìn. Mo rò pé ará oko kan ló bá wa dá sí i, a kì í sì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí á má kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Òo," ohùn ọkùnrin kan dáhùn. "Má sọ̀kalẹ̀ o. Ọgbẹ́ rẹ kò tíì jinná."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Àṣàkẹ́, lọ́nà jíjìn réré, ní ìsàlẹ̀ òkè.

"Bàbá Ìyíọlá! Mo ti dáwọ́ dúró tipẹ́! Ta ló ń tì yín?"

Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ṣì ń gun òkè lọ.