Ọkọ̀ Ilé Láoyè àti Iná Àádọ́fà

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, pàápàá ẹ̀yin tí ará òkè òkun ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Bó dùn yín, bó bí yín nínú, mo máa sọ ọ́.

1.
Láoyè ta ilé tó kọ́ sí Ìpetumodù, ó fi owó rẹ̀ gbé ọkọ̀ ilé wọlé láti Amẹ́ríkà: ọkọ̀ gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ní àwọn àlejò tó ń wá wo Ilé-Ifẹ̀ lòun yóò máa fi háyà fún. Kí wọ́n tó dé, òun àti Hàlímàt ìyàwó rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀, nínú ọgbà bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Ilare, n'Ílé-Ifẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: wọn ò ní ilé mìíràn mọ́.

Orí pulọ́ọ̀gì ọkọ̀ náà kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ni Láoyè bá ra àdápítọ̀.

Hàlímàt ní, "Ọkọ mi, wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ yìí pé iná àádọ́fà fólítì ló ń lò. Tiwa níbí ju igba lọ. Bíléńdà tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tàn án, ó gbiná. Ẹ jẹ́ ká ra ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù."

"Ṣé o ò rí àdápítọ̀ ni?"

"Ẹnu pulọ́ọ̀gì nìkan nìyẹn ń yí padà. Kò dín iná kù."

"Èmi tí mo ti gbé Amẹ́ríkà rí! Ìwọ lo máa wá kọ́ mi ní iná Amẹ́ríkà?"

Ó ki pulọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́.

2.
Ẹ gbọ́, nǹkan kan ò ṣe é. Fíríìjì tutù, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Láoyè ń fi Hàlímàt ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ẹni tó bá yà kí wọn.

Kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́. Tiransifọ́mà àdúgbò ti darúgbó; iná tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn kò ju ìdajì lọ. Gílóòbù gbogbo ilé ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ìdajì iná tiwa, àádọ́fà Amẹ́ríkà náà nìyẹn! Ohun tó ń ni àwọn ará àdúgbò lára, òun gan-an ló ń dáàbò bo ọkọ̀ Láoyè.

Nígbà tí àdúgbò pinnu láti dá owó ra tiransifọ́mà tuntun, ta ló kọ́kọ́ dìde nípàdé? Láoyè ni. Ó ní tòun ló máa pọ̀ jù.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tan tiransifọ́mà náà, Hàlímàt yọ pulọ́ọ̀gì.

"Iná kíkún ń bọ̀ lónìí. Ẹ dákun, ẹ má kì í bọ̀ ọ́."

"Ta ló ní kó o yọ ọ́? Ṣebí ó ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí! Ẹ̀rù iná kankan ò bà mí!"

Ó kì í padà. Hàlímàt gbé báàgì aṣọ rẹ̀. "Ọkọ mi ni yín, mo gbà. Àmọ́ mi ò ní bá yín jóná." Ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ọkọ rẹ̀.

Iná dé. Gbogbo Ilare pariwo, "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Láoyè náà na ọwọ́ sókè. Kó tó sọ ọ́ kalẹ̀, nǹkan dún gbàù nínú ọkọ̀, èéfín bo fèrèsé, kọ́tìnnì gbiná. Ó sáré lọ fa pulọ́ọ̀gì, ó jó o lọ́wọ́. Káwọn èèyàn tó bu yẹ̀pẹ̀ dé, irin ọkọ̀ nìkan ló kù.

Láoyè jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. "Ṣebí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀!"

"Àìlágbára iná ló ń gbà yín," ni Hàlímàt wí. "Ẹ̀yin pè é ní ọgbọ́n yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹrù òkè òkun kí ẹ tó kì í bọ iná. Pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ lónìí kò ní kó tọ̀nà. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí olóríkunkun tó wà nínú ẹbí yín. Bó bá bínú, ẹ ní kó wá bá mi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.