Tíì Aláwọ̀ Ewé fún Bàbá Ayọ̀

Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà ni Motọ́lání ti mọ ohun tí ó ń fẹ́: kí ọkọ rẹ̀ má lọ sí Sábó nírọ̀lẹ́, kí ó jókòó sílé, kí ó sì jẹ ohun tí òun fẹ́ sè fún un tán láìṣẹ́kù.

Ó pọn Ayọ̀miídé ọmọ rẹ̀, ó kó àwọn nǹkan rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná tí gbogbo ará ilé wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó jọ ń lò. Ìyá Jude, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ti wà níbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo ojú Motọ́lání.

"Ojú ẹ tún pọ́n lónìí. O tún sunkún mọ́jú, àbí?"

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Mo bi ẹ́ ní nǹkan, o ń kí mi. Lọ́jọ́sí, o gbé omi kaná, o jókòó tì í títí ìkòkò fi jó. Àròkàn nìyẹn. Ṣebí èmi náà ti ní ọkọ rí." Ó ju òkúta inú ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo sì ń gbọ́ bí bàbá Ayọ̀ ṣe ń hanrun láti yàrá mi. Ọkùnrin tó bá rẹ̀ tó báyẹn, ó yẹ ká bi í léèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ wá."

"Dráfù ni wọ́n ń ta ní Sábó, Ìyá Jude."

"Dráfù!" Ìyá Jude rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù.

Motọ́lání tan sítóòfù. Àǹtí Lucy, tí wọ́n jọ ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní Yaba, ló kọ́ ọ ní oúnjẹ náà. Kúùkù ni Àǹtí Lucy. Ará Ítálì ni ọ̀gá rẹ̀, ará Jàpáànì sì ni ìyàwó ọ̀gá, nítorí náà oúnjẹ ilé wọn máa ń gba ti ọkọ, kó tún gba ti ìyàwó. Ti ọkọ ni bísíkíìtì àti wàrà. Ti ìyàwó ni tíì, tí wọ́n lọ̀ kúnná bí àtíkè, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tuntun. Àǹtí Lucy bù ú fún un sínú agolo mílíìkì. Ó ní ṣíbí tíì kan ti tó fún odindi abọ́, pé madam òun kì í tilẹ̀ fẹnu kàn án tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Motọ́lání ní kí ó bá òun bù sí i.

Ó se mílíìkì, ó fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i títí ó fi dì, ó dà á sínú aṣọ funfun, ó fún omi rẹ̀ dànù. Ó po ẹyin mọ́ ṣúgà lórí omi gbígbóná títí apá fi ń ro ó, ó wá da wàrà náà sí i. Ó po tíì, ó ń ri bísíkíìtì bọ inú rẹ̀, ó ń tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó yọjú wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé Akínlabí ọkọ rẹ̀ lè dé láàárọ̀ yẹn. Ó tún bísíkíìtì náà tò. Ọmọ bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń mi ara, ó ń po nǹkan lọ.

"Ewé wo lo lọ̀ yìí?" Ìyá Jude ti dìde. "Ta ló ṣe é fún ẹ? Sọ fún mi, mi ò ní sọ fẹ́nì kankan."

"Tíì ni, mà. Tiramisù ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 'gbé mi dìde'."

"Gbé kí ni dìde?" Ìyá Jude pàtẹ́wọ́. "Háà! O gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ, ọmọ yìí!" Ó na ìka sí abọ́.

Motọ́lání fa abọ́ sẹ́yìn. Ó ha wàrà funfun tó kù nínú ìkòkò fún un. "Ẹ jẹ èyí, mà. Ti bàbá Ayọ̀ nìyẹn."

"Ìwọ ńkọ́, o ò ní tọ́ ọ wò?"

"Ohun tí mo bá jẹ, ọmọ á mu ún lọ́mú."

Wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án. Motọ́lání ra yìnyín, ó gbé abọ́ náà sí àárín rẹ̀ nínú kúlà, ó ń ṣí i wò, ó ń pa á dé. Ó se ìgò ọmọ nínú omi gbígbóná, ó rọ omi sí fúláàsì, ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níhà tí Akínlabí máa ń sùn sí. Ó tún jáde lọ wo ojú ọ̀nà.

Akínlabí wọlé nírọ̀lẹ́, ó ti ń tú bọ́tìnnì.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́."

"Mo kàn fẹ́ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ń dúró dè mí ní Sábó."

Motọ́lání kúnlẹ̀, ó gba báàgì ọwọ́ rẹ̀, kò sì dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ lónìí. Mo se nǹkan kan sílẹ̀ dè yín. Àtàárọ̀ ni mo ti wà lórí ẹ̀."

Akínlabí wo ojú rẹ̀ tó pọ́n. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wá jókòó.

Motọ́lání gbé abọ́ jáde. Ó gbọn agolo tíì náà sórí rẹ̀ títí agolo fi ṣófo. Akínlabí tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ó korò." Ó tún bù. "Ó tún dùn. Irú nǹkan wo rèé?"

"Ṣé kí n bù sí i?"

"Bù sí i, jàre."

Ó ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ayọ̀, o fẹ́ fi oúnjẹ so mí mọ́lé ni."

"Ó ṣì kù díẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́."

Ó ha á jẹ. Ìyá Jude yọjú láti yàrá rẹ̀, ó rí abọ́ tó mọ́ fóò, ó ṣẹ́jú sí Motọ́lání, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí Ayọ̀miídé ké lóru, tíì náà ti lé oorun lọ lójú Akínlabí, ó la ojú sílẹ̀ bí òwìwí, òun ló gbé ọmọ sí èjìká tó ń bá a rìn ká yàrá títí àkùkọ fi kọ, nítorí Motọ́lání ti sùn fọnfọn láti ìgbà tó ti fọ abọ́ tán, irú oorun tí kò tíì sùn rí láti ọjọ́ tó ti bímọ.