Ẹran Tí Oyèbọ́lá Rà Nítòsí

Oyèbọ́lá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbààwẹ̀ ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, ó sì pè é ní ẹran màlúù. Kì í ṣe ìkórìíra ló mú un ṣe é. Ìmẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìmẹ́lẹ́ bá gbé irọ́ níyàwó, ìkà ni wọ́n máa ń bí.

Ọmọ Oǹdó ni Oyèbọ́lá, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí Ṣàkírátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, sí, níbi tí ìyá rẹ̀ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ta àlùbọ́sà. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí yunifásítì kan ní ìlú Nanjing, ní Ṣáínà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá Ṣàkírátù di èlùbọ́ àti ata gbígbẹ fún wọn, ó wá di ọwọ́ Oyèbọ́lá mú.

"Ìwọ lẹnu rẹ mú nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ mi kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀ o. Ojú rẹ ni mo fi ń ṣọ́ ọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ohun tí mi ò bá mọ̀dí rẹ̀ kò ní wọ ìkòkò wa."

Ní Nanjing, ìkòkò kan ni àwọn méjèèjì àti Akínyẹmí, ọmọ Ìta-Ògbólú, jọ ń lò. Oyèbọ́lá ló ń ra ẹran, nítorí òun ló tètè mọ èdè Ṣáínà kà. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ma ló ti ń rà á, ọmọ Ṣáínà tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó kọ Lárúbáwá sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀.

Ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò òtútù àti òjò. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Oyèbọ́lá dúró ní ibùdókọ̀, atẹ́gùn ń gé e létí. Ó bojú wẹ̀yìn wo ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti dì í sínú ike. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," ló wí nínú ọkàn rẹ̀. Ó rà á, ó fi se ọbẹ̀, ó sì da ata sí i dáadáa.

Nígbà tí Ṣàkírátù ṣínu, ó ní, "Bọ́lá, o mà ń ṣe wàhálà nítorí mi o, nínú òtútù yìí! Ọlọ́run á san án fún ẹ."

"Àmín," ni Oyèbọ́lá dáhùn.

Síbẹ̀, ní Sátidé kejì, ó tún rà á nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ààwẹ̀ fi parí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní ọjọ́ ọdún, Ṣàkírátù din àkàrà, ó gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ma láti dúpẹ́. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, fóònù sì túmọ̀ rẹ̀: "Ẹ ṣeun. Ṣé ara ọ̀rẹ́ yín kò yá ni? N kò rí i láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Ṣàkírátù padà sílé, ó ṣí fìríìjì, ó gbé ike ẹran tó kù síwájú Oyèbọ́lá.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kà."

Oyèbọ́lá da ojú ike náà délẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣàkírátù fi fóònù túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: "Ẹran ẹlẹ́dẹ̀."

Ní ọjọ́ náà gan-an ni Ṣàkírátù ra ìkòkò tirẹ̀. Oyèbọ́lá se ìrẹsì, ó bù fún Akínyẹmí. Akínyẹmí, Kìrìsìtẹ́nì bíi tirẹ̀, rọra ti àwo náà padà.

"Èmi ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, Bọ́lá. Irọ́ ni n kì í jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Bí Oyèbọ́lá bá wọ ilé ìdáná, àwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù a dé ìkòkò wọn. Odindi oṣù mẹ́ta ló fi dá jẹun. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, òun fúnra rẹ̀ pe ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

"Ta lo ṣèlérí fún?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìyá Ṣàkírátù."

"Bí o bá délé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ."

Nígbà ìsinmi, ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ìyá Oyèbọ́lá kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, ibi tí Ìyá Ṣàkírátù àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe àsálátù. Ṣàkírátù náà ti dé fún ìsinmi, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Oyèbọ́lá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo kà á kí n tó rà á. Ọ̀nà jìn, òtútù mú, mo sì purọ́ fún ẹni tó ń ṣàdúrà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ṣàkírátù, má bínú."

Ìyá Ṣàkírátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi kò mọ̀, Ọlọ́run kò ní kà á sí i lọ́rùn. Ìwọ lo ru ẹrù yìí. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbí, kí o dìde." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ bu oúnjẹ wá."

Àwo kan ṣoṣo ni Ṣàkírátù gbé wá fún àwọn méjèèjì.

"Bá a bá padà, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ma ni," ló wí. "N kò rán ẹ mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tí a bá fi oúnjẹ ẹlòmíràn sí níkàáwọ́, ìgbàgbọ́ ẹni náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ìwọ ń jẹ lè jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnìkejì rẹ. Má fi ọbẹ̀ bo èèwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn jù, sọ pé o kò lè lọ. Ọbẹ̀ tí kò ní ẹran kò pa ẹnikẹ́ni rí. Bí o bá sì ti ṣẹ̀, padà sọ́dọ̀ ẹni tí o ṣèlérí fún, kí o jẹ́wọ́ níṣojú ènìyàn. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju kí ènìyàn máa dá jẹun lọ.