Táyà Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Ernest

Àwọn táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà ti jẹ tán. Méjì ti tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀. Lára méjì yòókù, wáyà ti ń yọjú. Ernest, ọkọ Zipporah, ló ra ọkọ̀ náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní ìyàwó rẹ̀ kejì. Ojúde ilé wọn ló wà, ní ìpẹ̀kun Kàbà, níbi tí ilé kò ti sún mọ́ra.

Ọpẹ́dayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní yunifásítì. Ìsinmi méjì ti kọjá tí kò wálé.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ná," ó sọ lórí fóònù. "Ọjọ́ tó bá dúró ni màá wálé."

"Ọpẹ́, àárò rẹ ń sọ mí."

"Tiyín náà ń sọ mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Mọ́mì."

Zipporah kò bá a jiyàn. Láti ìgbà òjò ni ọ̀nà kò ti fara rọ, olè sì ti wọ ilé méjì ládùúgbò wọn. Nígbà tí owó oṣù rẹ̀ wọlé láti ìjọba ìbílẹ̀, kò tilẹ̀ yà sọ́jà. Ìsọ̀ Josiah ló gbà lọ tààrà, lẹ́bàá títì tó lọ sí Òkènè. Ọmọ Ifẹ̀-Olúkòtún ní Ìyàgbà ni Josiah, táyà tòkunbọ̀ ló sì ń tà.

"Okun o, Mọ́mì," Josiah kí i.

"Okun. Táyà ni mo wá rà. Mẹ́rin."

"Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ṣé ẹ ti di alága ni?"

"Alága wo? Iye tó wà lọ́wọ́ mi rèé."

Josiah wo owó náà, ó họrí. Ó wọlé, ó yí táyà méjì jáde, ó sì fi ìka hàn án níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Èyí ló ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Kò tíì pẹ́ rárá. Owó yín ká méjì irú rẹ̀. Ẹ fi wọ́n síwájú, níbi tó léwu jù, tó bá yá ẹ wá gba ti ẹ̀yìn."

Zipporah fọwọ́ pa wọ́n. Ìlà wọn ti ń fá, ẹrẹ̀ sì ti sọ wọ́n di pupa. Ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó bà lé mẹ́rin tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, ìlà wọn sì jìn.

"Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?"

Josiah rẹ́rìn-ín. "Ojú lásán ló dára. Wọ́n ti gbó sínú ìsọ̀ ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ti sán wẹ́wẹ́. Kí ooru títì kàn mú un báyìí, gbàù! Àwọn tó ń kan ọmọlanke ni mo tọ́jú wọn fún."

"Ṣé owó mi ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Ó ká a, ó kù."

"Bá mi dì wọ́n."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Josiah. "Mọ́mì, ta ló ni ọkọ̀ yìí?"

"Ọkọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n pè é ká jọ sọ ọ́."

"Ó wà ní Ìkòyí wa ní Ìjùmú, ó ń sinmi. Kò ní bá mi jà."

"Ọmọ kankan ò sì sí tó lè wọ̀ ọ́?"

"Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe ń rà á. Ọ̀la ni mo fẹ́ kó dé."

"Háà! Ẹ̀yin Ìjùmú yìí! Ẹ ó wá fún owó mọ́wọ́ títí tí ẹ̀mí á fi bọ́?"

"Ẹ̀yin Ìyàgbà ni ẹ ò lè rí owó lọ́wọ́ ẹni kí ẹ má gbà á," Zipporah dáhùn. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, ẹ gbé ọkọ̀ náà wá, kí n fọwọ́ ara mi dè é."

"Rárá. Fọkanáísà kan wà nítòsí mi."

Josiah di àwọn táyà náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Kò wo ojú rẹ̀ mọ́. "Ẹ bá mi bẹ bàbá," ó wí. "Ẹ ní kó má sáré."

"Kò ní sáré," Zipporah fèsì.

Abraham fọkanáísà gbé jáàkì rẹ̀ wá nírọ̀lẹ́. Bó ṣe ń de táyà ni Zipporah ń fa koríko abẹ́ ọkọ̀ tu.

"Ṣé kí táyà iwájú kọjú síwájú gan-an?" Abraham béèrè.

"Jẹ́ kó yí díẹ̀ síhà títì, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."

"Ẹ ò ní wà á wò?"

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀, Abraham. O ṣé o."

Nígbà tó lọ tán, Zipporah fọ ọkọ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó nu gíláàsì, ó fi òróró pa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó. Kò sí ẹni tó lè sọ fún pé, ẹ wò ó, ó mà rẹwà o.

Fóònù dún. "Mọ́mì, ó mà dára o! Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kadà ló gbé Ọpẹ́dayọ̀ wálé láti gáréèjì. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ pẹ́, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Ó fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà pẹ́pẹ́.

"Ó yẹ ẹ́," ó wí.

Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì nínú láti ìgbà tí wọ́n ti tú u tà kí wọ́n lè rí owó sin Ernest sí Ìkòyí, ṣùgbọ́n bó ti dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, olè tó bá ń kọjá lóru yóò tún rò pé ọkùnrin wà nílé.